Àkàbà tí Bàbá Mi Kàn fún Ìyá Rẹ̀

Ọyẹ́ ló bo ìlú Oǹdó láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Kùrukùru funfun bo òrùlé gbogbo, èèyàn kò lè rí ilé kejì dáadáa, ètè gbogbo wa ti là, omi inú ìkòkò sì tutù débi pé ẹni tó bá fẹ́ bọ́jú á kọ́kọ́ dúró wò ó ná. Mo ṣì kéré nígbà náà. Eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Àkúrẹ́ báyìí, tí atẹ́gùn díẹ̀ bá fẹ́, ẹ ó ní ọyẹ́ mú. Ẹ ò tíì rí ọyẹ́. Ọyẹ́ ìgbà yẹn a máa mú kí pákó máa dún nínú ilé bí ìgbà tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Bàbá mi, tó jẹ́ káfíńtà, ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ó ní igi tí wọ́n ti gé kì í gbàgbé ojú ọjọ́. Tí ọyẹ́ bá dé, á súnkì. Tí òjò bá dé, á wú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí díẹ̀ ló kù kó ba iṣẹ́ òun fúnra rẹ̀ jẹ́ nígbà tó yá.

Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ni mo ń gbé. Màmá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Obì ló ń tà, obì náà ló fi tọ́ bàbá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Ilé amọ̀ àtijọ́ ni ilé rẹ̀, ilé tó ní àjà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ àjà. Wọ́n á to igi sórí yàrá, wọ́n á fi amọ̀ rẹ́ ẹ, á wá dà bí yàrá mìíràn láàárín orí wa àti páànù. Oòrùn kì í rí ibẹ̀. Ibẹ̀ ni Màmá Àgbà ń kó obì sí, nínú agbọ̀n tó fi ewé tẹ́ nínú.

Obì kò dà bí iṣu tí èèyàn lè kó pamọ́ kó sì gbàgbé. Èèyàn ní láti máa yẹ̀ ẹ́ wò, kó ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò, kó pààrọ̀ ewé rẹ̀. Bí Màmá Àgbà bá jókòó sísàlẹ̀ pẹ́ díẹ̀, odindi agbọ̀n á ti lọ nìyẹn. Kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun ṣe é. Ó ní ọwọ́ àwa yòókù gbóná jù fún obì.

Àkàbà tó fi ń gòkè, igi gígùn méjì ni, tí wọ́n kan igi kéékèèké mọ́ ní ìdábùú fún ìtẹ̀sẹ̀. Wọ́n á gbé e ti ẹnu àjà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ orí àkàbà yẹn ju ti bàbá mi lọ. Iṣẹ́ tèmi nínú ilé náà, yàtọ̀ sí pípọn omi àti fífọ abọ́, ni pé kí n máa di ìdí àkàbà mú. Màmá Àgbà á pè mí, á ní, "Ọmọ, wá bá mi dìdí ẹ̀ mú." Èmi á fi àyà tì í, á máa gòkè, èmi á máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn bó ṣe ń kọjá lórí mi. Bí àkàbà yẹn bá fẹ́ yọ̀, ta ni èmi tí mo fẹ́ dá a dúró? Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kì í gùn ún àfi tí mo bá wà nídìí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ yẹn, ìyá mi ti mú mi lọ sóko. Màmá Àgbà jókòó títí, ó ń ro bí ọyẹ́ ṣe ń gbẹ ewé lára obì rẹ̀, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó gbé àkàbà ti ẹnu àjà, ó gùn ún ní òun nìkan. Ó gòkè láyọ̀ àti àlàáfíà o. Ìgbà tó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn sínú àjà ló ta àkàbà nípàá, àkàbà yọ̀, ó sì wó lulẹ̀. Bí ìyá àgbàlagbà ṣe há sókè nìyẹn. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ti lọ sóko, àwọn aládùúgbò náà ti lọ. Ó bá jókòó ti obì rẹ̀, ó ń ṣà á. Oòrùn ti kúrò lágbedeméjì ọ̀run gan-an kí obìnrin kan tó wá ra obì. Obìnrin náà dúró sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kí onílé, ohùn kan sì dá a lóhùn láti òkè orí rẹ̀. Ó sáré jáde. Ó ní òkú ń dáhùn nínú ilé. Ẹ̀yìn tí àwọn tó gbọ́ rẹ́rìn-ín tán ni wọ́n tó lọ pe bàbá mi ní ìsọ̀ rẹ̀ kó wá gbé àkàbà fún Màmá Àgbà.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà, tó jẹ́ tíṣà ní Àkúrẹ́. Ó wá ní ọjọ́ Sátidé. Ó ní kí bàbá mi fi ìṣó kan ẹnu àjà yẹn pa, kí Màmá di ẹrù rẹ̀, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ti rí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó já láti orí àkàbà, tí kò sì dìde mọ́.

Màmá Àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìgbójú sókè. Nígbà tó yá, ó ní, "Ta ni mo fẹ́ máa ta obì fún ní Àkúrẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Màmá, àwọn ará Àkúrẹ́ náà ń jẹ obì."

"Wọ́n ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ mí."

Bàbá mi ló wá bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní kó fún òun láyè títí òjò yóò fi fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Òun á kan àkàbà tí kò ní gbára lé ògiri, tí kò ní gbára lé ọmọdé, tí yóò máa dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ronú sí i, ó gbà. Ó ní bí òjò bá dé tí òun padà wá, tí òun kò bá bá àkàbà bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ̀rọ̀ mọ́, òun á fọwọ́ ara òun kan àjà pa. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe igi lásán ni bàbá mi fẹ́ kàn. Bí àkàbà náà bá dára, ìyá rẹ̀ á wà nínú ilé rẹ̀; bí kò bá dára, á lọ.

Bàbá mi ti rí irú àkàbà bẹ́ẹ̀ rí lọ́dọ̀ àwọn tó wá kun ṣọ́ọ̀ṣì wa, èyí tó ní ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí èèyàn lè ṣí, tó sì lè pa dé. Tiwọn wúwo, ọkùnrin méjì ló ń gbé e. Tirẹ̀ ní láti fúyẹ́ fún ìyá arúgbó. Ó sì ní láti pa dé dáadáa, nítorí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, gbogbo yàrá ló ṣí sí i. Bí àkàbà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin bá dúró síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní rí ọ̀nà kọjá, ewúrẹ́ pàápàá á bínú.

Inú ọyẹ́ ló kan àkọ́kọ́. Ó fi bóòtù, irin roboto tó gba inú igi kọjá, so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn lókè, ó so okùn sáàárín wọn kí wọ́n má baà yà lọ. A gbé e láti ìsọ̀ wá sílé, ẹsẹ̀ mẹ́ta tẹlẹ̀, ọ̀kan wà lófuurufú. Ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ amọ̀ kì í tẹ́jú. Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ti dagẹ̀rẹ̀ sí apá ẹ̀yìnkùlé nítorí gbígbá àti omi tí a ń dà. Bàbá mi tẹ̀ ba, ó wò ó, ó mú ayùn, ó gé ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù díẹ̀díẹ̀ títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi bá ilẹ̀ mu. Ó fi èédú sàmì sílẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni kí Màmá máa gbé e sí. Àkàbà dúró gbagidi. Bàbá mi gùn ún, ó fò lórí rẹ̀, kò mì. Inú wa dùn.

Ọdún Àjíǹde dé. Àwọn àbúrò bàbá mi obìnrin wálé. Ní ìgbà yẹn, kò sí obìnrin tó mọ ara rẹ̀ lóbìnrin tí yóò ṣe ọdún lórí ilẹ̀ tí wọn kò tún rẹ́. Wọ́n po amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n rẹ́ gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń kọrin. Ibi tí ilẹ̀ ti jin, wọ́n dí i. Ó dán, ó lẹ́wà. Oore ni wọ́n ṣe. Nígbà tí ó gbẹ tán tí Màmá Àgbà gbé àkàbà síbẹ̀, ó ń mì bí ewúrẹ́ tó rọ lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ tí bàbá mi gé igi bá mu kò sí mọ́.

Bàbá mi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé nínú agbádá rẹ̀, ó bá a bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sórí àga. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àkàbà yín ń jó ọdún o, àwa ò tiẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ àwọn tó ń sanwó fún un wà nílẹ̀ tí kò tíì ṣe, ìrọ̀lẹ́ nìkan ló fi ń ṣe ti ìyá rẹ̀.

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àṣìṣe òun ni pé òun gé igi fún ilẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ẹsẹ̀ àkàbà ló yẹ kó lè gùn, kó lè kúrú. Ó mú igi kéékèèké, ó lu ihò sí wọn lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú irin gbígbóná, ó fi irin kékeré há wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Bí ilẹ̀ bá jin, wọ́n á fa irin kékeré kan yọ, wọ́n á sún igi yẹn wálẹ̀, wọ́n á ti irin bọ inú ihò mìíràn. Ó gé táyà kẹ̀kẹ́ tó ti jẹ, ó kàn án mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ àkàbà kó má baà yọ̀. Màmá Àgbà wò ó, ó ní, "O tilẹ̀ wọ bàtà fún un." Ibi tí bàbá mi bá gbé e sí, ó dúró. Ó gbé e jáde síta, sórí òkúta, ó dúró níbẹ̀ náà.

A rò pé ó ti parí. Òjò dé.

Òjò àkọ́kọ́ tó le, ó rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ó sì tún ń rọ̀. Màmá Àgbà ṣí àkàbà, ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ́ pa á dé, kò pa dé. Ó fà á, ó tì í. Igi ti wú níbi tí bóòtù gbà kọjá, ó fún mọ́ra bí ẹni tó di eyín. Ó ya ẹsẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ń rá pálá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. A sì ti gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń bọ̀. Bàbá mi gbé òòlù.

Màmá Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Má lù ú. Tí o bá lù ú lónìí, wàá tún wá lù ú lọ́la."

Bàbá mi jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí ilẹ̀, àwọn méjèèjì ń wo àkàbà bí ẹni ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Bàbá mi dìde, ó tú u palẹ̀, ó fi ìfági fá ibi tí igi ti ń fi ara ra igi. Ó gé páànù pẹlẹbẹ lára agolo, roboto bíi kọ́bọ̀, ó lu ihò sáàárín rẹ̀, ó fi há àárín igi méjèèjì, kí ó lè jẹ́ pé irin ló ń ra irin. Àdín ló ń fi sí i tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ ti bá àdín yẹn di oje. Màmá Àgbà nù ún kúrò, ó mú òrí tó fi ń pa ara, ó fi í pa ojú irin náà. Ó tún sọ pé àkàbà náà ti gé òun níka nígbà kan tí òun ń pa á dé, òun kò kàn wí ni. Bàbá mi wo ìka náà. Ó kan igi kékeré kan sáàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí wọ́n má baà pàdé tán, kí ìka lè rí àyè.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé nínú ẹrẹ̀. Kò tíì jẹun tó ti lọ síbi àkàbà. Ó fọwọ́ mì ín. Ó fi bàtà rẹ̀ ta á nídìí. Òun fúnra rẹ̀ gùn ún pẹ̀lú ṣòkòtò tíṣà rẹ̀, ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó wá kọjú sí ìyá rẹ̀. Màmá Àgbà ká ìró rẹ̀ sókè. Èmi ti lọ dìdí àkàbà mú, bí mo ṣe máa ń ṣe. Màmá Àgbà wò mí.

Ó ní, "Fi í sílẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ mi sí. Ó gòkè, ó pẹ́ níbẹ̀, a ń gbọ́ bó ṣe ń ṣa obì. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo pa àkàbà náà dé, kò dún, ó sì fi í ti ògiri. Ó fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní obì tó tóbi jù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbà á, ó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Nígbà tó ń lọ, kò mẹ́nu kan ìṣó mọ́.

Màmá Àgbà lo àkàbà yẹn títí mo fi ga dé èjìká rẹ̀. Ó wá di ọjọ́ kan, bàbá mi wà nílé lọ́jọ́ náà, Màmá Àgbà ṣí àkàbà, ó gbé ẹsẹ̀ lé ìtẹ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀. Ó pa àkàbà dé. Bàbá mi sáré wá, ó ń fọwọ́ tẹ ibi bóòtù, ó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ àkàbà, ó ń béèrè ohun tó bàjẹ́.

Màmá Àgbà ní, "Kò sí ohun tó bàjẹ́. Iṣẹ́ ẹ dára. Èmi ló rẹ̀."

Kò sí ẹni tó kan àjà pa fún un. Òun ló fúnra rẹ̀ pa àkàbà dé.

Ó ti wá kàn mí báyìí. Àkúrẹ́ ni mo ń gbé, lọ́dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ní Alágbàká, orúnkún mi ń ké bí mo bá dìde. Ọmọ mi ra àkàbà alumíníọ́mù kan láìpẹ́ yìí. Mo fọwọ́ kàn án. Ó fúyẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gùn, ó ń kúrú, ó wọ rọ́bà, òjò kò lè mú un wú. Bí o bá ní kó pa dé, á pa dé kíá. Bí bàbá mi bá rí i, á jókòó tì í di alẹ́. Mi ò ní bá yín purọ́ pé ti àtijọ́ dára jù ú lọ.

Ohun tí mo kàn ń rí ni pé gbogbo wọn á ti jáde láàárọ̀, onímọ́tò nínú mọ́tò, ọmọ iléèwé níléèwé. Ọjọ́ kan ni mo gbọ́ ìró níta, tí mo rọra lọ wò, tí mo bá ọmọ mi lókè àkàbà níbi táǹkì omi, òun nìkan. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò pè? Àkàbà kò wá ẹni tí yóò dì í mú mọ́. Ohun tí bàbá mi fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ wá nìyẹn, a sì ti rí i. Mo jókòó sórí àga mi, mo ń wò ó títí ó fi sọ̀ kalẹ̀, ó sì rẹ̀ mí bí ìgbà tí èmi ni mo gòkè.

Màmá Àgbà kò lọ sí Àkúrẹ́. Ní ọjọ́ kejì ọjọ́ tó pa àkàbà dé yẹn, ó pè mí ní kùtùkùtù. Ó ṣí i, ó ti irin bọ ihò, ó gbé agbọ̀n òfìfo lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n lọ yẹ obì wò, ó ní ó jọ pé ọwọ́ mi ti tutù tó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Nígbà tí mo wo ìsàlẹ̀, ó ti wà nídìí àkàbà, ó fi àyà tì í, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

Mo ní, "Màmá, ó ń dá dúró o."

Ó ní, "Mo mọ̀." Kò sì fi í sílẹ̀ títí mo fi sọ̀ kalẹ̀.